Corolla mi ń dún ta-ta-ta láràárọ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Corolla 2004 tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ ti ń dún láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mẹ́káníìkì kan ládùúgbò mi ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí sí i díẹ̀, ó ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, kí n lọ wá £1,900 fún òmíràn. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Mi ò rí oorun sùn.

Bọ̀dá Àkànní, Manchester:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ìgbà wo ló ń dún gan-an? Ṣé ó ń yára sí i tí ẹ bá tẹ iná nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan? Iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì ńkọ́, ṣé ó tàn?

Ìyá Ìbejì:
Iná kankan kò tàn. Tí mo bá ti sitáàtì ọkọ̀ láàárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀, bí mo bá tẹ iná, á yára. Tó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo ti ń lọ, mi ò ní gbọ́ ọ mọ́.

Bọ̀dá Àkànní:
Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ti nọ́ọ̀kì, gbì-gbì-gbì ló ń dún, ohùn rẹ̀ wúwo, ìsàlẹ̀ ló ti ń wá. Bó bá sì gbóná, ṣe ló ń le sí i, torí ọ́ìlì gbígbóná máa ń ṣàn bí omi. Tiyín ń dákẹ́ tó bá gbóná. Ibi tí mo fura sí jù ni ibi tí páìpù èéfín ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí èéfín bá ń jò níbẹ̀, á máa dún ta-ta-ta. Tí irin bá gbóná, á wú, á sì dí ojú ibẹ̀.

Ọ́ìlì ló ṣáájú o. Kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ fa géèjì, irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́ padà, kí ẹ tó wá wò ó. Ọ́ìlì tó bá lọ sílẹ̀ lè mú kí orí ẹ́ńjìnnì máa dún bẹ́ẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí mo wí: bí èéfín bá ń jò, ẹ máa rí dúdú níbẹ̀ bí ìdí ìkòkò orí iná igi. Títí ẹ ó fi tún un ṣe, ẹ má jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ẹ sì máa ṣí fèrèsé. Gáàsì olóró tó wà nínú èéfín yẹn ń pànìyàn, kò sì ní òórùn tí ẹ fi máa mọ̀. Bí iná ọ́ìlì bá sì tàn lójú ọ̀nà, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Dàpọ̀, Houston:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Tèmi ń han wíìì ni. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo yọ fáàbẹ́ẹ̀tì, mo sitáàtì rẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ogún péré, ariwo náà lọ. Ọ̀kan lára ohun tí bẹ́ẹ̀tì ń yí ló ń han nìyẹn: bẹ́ríǹ alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, ló ti jẹ.

Bọ̀dá Àkànní:
O ṣe é dáadáa, àbúrò. Má jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí lára ọkọ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀tì yẹn náà ló ń yí pọ́ǹpù omi. Ẹni tí kò bá fẹ́ yọ ọ́ lè fi orí sukudiréfà gígùn kan irin, kó fi èkù rẹ̀ ti egungun ìdí etí. Ibi tí ariwo wà á pariwo sí ọ létí. Ṣùgbọ́n ká ìborùn àti apá aṣọ kúrò nítòsí bẹ́ẹ̀tì.

Ìyá Ìbejì, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin:
Bọ̀dá mi, mo rí dúdú náà! Bọ́ọ̀tì kan ti kán síbẹ̀. Mẹ́káníìkì mìíràn pààrọ̀ bọ́ọ̀tì àti gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí ojú ibẹ̀, £160. Láàárọ̀ yìí, fáànù hítà nìkan ni mo gbọ́. Ọlọ́run á ṣe tiyín náà. Ọ́ìlì wà nítòsí àmì ìsàlẹ̀, mo ti bù kún un.

Bọ̀dá Àkànní:
Àmín o. Ẹ kọ iye máìlì tó wà lójú aago ọkọ̀ sílẹ̀ lónìí, kí ẹ tún fa géèjì yọ lọ́jọ́ Sátidé méjì sí i, ká lè mọ̀ bóyá ó ń jẹ ọ́ìlì.