Ìdáhùn: “orúkọ ìran” kò lè gba ipò “orúkọ ìdílé”

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Ìbàdàn ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láàárín àwa tí à ń ṣa ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó fi máa sọ ìtàn orúkọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi kẹ́yìn, èyí tí bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ títí dé àrọ́mọdọ́mọ, kò yẹ ká máa pè é ní “orúkọ ìdílé” mọ́. “Orúkọ ìran” ló tọ́. Àlàyé wọn ni pé ìdílé ti gbòòrò jù. Ìyàwó ilé wà níbẹ̀, àlejò tó pẹ́ nínú agbo ilé wà níbẹ̀, ìwọ̀fà ayé àtijọ́ tí kò padà sílé mọ́ náà wà níbẹ̀. Ìran ní tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n wá fi orúkọ Attenborough tì í lẹ́yìn: orúkọ tó ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí gbogbo ẹni tó ń jẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ baba-ńlá kan náà. Mo rí i pé àwọn ènìyàn ti ń kan sáárá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo fẹ́ já yín níyàn díẹ̀. Attenborough tí ẹ pè ní ẹlẹ́rìí, ẹ̀yìn tèmi ló dúró sí.

Abúlé ni Attenborough, létí odò Trent, kò jìnnà sí ìlú Nottingham. Lédè Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, burh ni ibi tí wọ́n bá mọ odi yí ká. Adda sì ni orúkọ ọkùnrin kan. Odi Adda ni ìtumọ̀ orúkọ abúlé náà. Báwo ló ṣe wá di orúkọ ènìyàn? Ẹni tó bá jókòó sí abúlé rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi orúkọ abúlé pè é, torí ará ibẹ̀ ni gbogbo wọn. Ìgbà tó bá kó lọ sí abúlé mìíràn ni wọn yóò máa pè é ní ará Attenborough. Ẹ lè rí “Bàbá Ìkirè” ní àdúgbò kan n'Íbàdàn, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n máa pè bẹ́ẹ̀ n'Íkirè fúnra rẹ̀? Irú orúkọ yìí, ẹnu àwọn ará ibòmíràn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 ni àwọn ọlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ tó ń ti ọ̀dọ̀ bàbá bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ. Àwọn mẹ̀kúnnù tẹ̀ lé wọn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1400, ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ti ní in. Owó orí wà lára ohun tó jẹ́ ká mọ èyí, torí ìwé àwọn agbowó orí ti 1377, 1379 àti 1381 wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ orúkọ máa ń tú. Ní 1538, Thomas Cromwell, òjíṣẹ́ àgbà ọba Henry Kẹjọ, pàṣẹ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n máa kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bá ṣe ìrìbọmi fún sílẹ̀, ẹni tó bá gbéyàwó àti ẹni tí wọ́n bá sin. Ohun tí etí akọ̀wé bá gbọ́ ló máa ń kọ, ìdí nìyẹn tí orúkọ kan náà fi máa ń ní àkọtọ́ oríṣiríṣi.

Kí n tó gbàgbé: ẹnì kan dábàá “ìfọ́nká” fún ọ̀nà tí orúkọ gbà wà káàkiri ilẹ̀. “Ìtànká” ni èmi yóò mú. Ohun tí a bá fọ́n ká, ibi gbogbo ló bọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Òkìkí a máa tàn láti ojú kan. Bí ẹ bá wo máàpù tí wọ́n fi ìkànìyàn 1881 yà, Nottinghamshire àti Derbyshire tó bá a pààlà ni àwọn Attenborough ti ṣùpọ̀ sí jù. Bí ẹ ṣe ń jìnnà sí odò Trent ni wọ́n ń ṣọ̀wọ́n sí i. Orúkọ tó ní orírun kan ṣoṣo ló máa ń rí báyìí lórí máàpù.

Apá tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti Leicester. Frederick Attenborough, tí wọ́n bí ní Stapleford nítòsí abúlé tí à ń wí yìí, ni ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì tó wà ní Leicester láti 1932 sí 1951. Òun ni bàbá olóògbé Richard tó máa ń ṣe fíìmù àti David tó ń fi ẹranko igbó hàn wá lórí tẹlifíṣọ̀n. Inú ọgbà ilé ìwé náà ni wọ́n dàgbà sí. Bàbá yìí fúnra rẹ̀, onímọ̀ òfin àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, ẹni tí kò nílò ẹnikẹ́ni láti sọ fún un ohun tí burh jẹ́. Ilé ìwé kan náà, nígbà tó ti di yunifásítì gidi, ni Alec Jeffreys ti ṣàwárí ní 1984 bí a ṣe lè fi DNA, ìyẹn àmì àjogúnbá inú ara, dá ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Ibẹ̀ náà ni Turi King àti Mark Jobling wà tí wọ́n fi yẹ orúkọ ìdílé wò, tí wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà jáde ní 2009: ọkùnrin 1,678, orúkọ 40.

Ọgbọ́n tí wọ́n lò kò le. Bàbá nìkan ló ń fúnni ní krómósómù Y, tó jẹ́ apá kan lára DNA, ọmọkùnrin nìkan ló sì ń gbà á. Orúkọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà, ọ̀nà yẹn ló ń tọ̀. Bí bàbá kan bá ti bí gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ kan lóòótọ́, Y wọn yóò jọra. Lọ́dọ̀ àwọn Smith, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni méjì tó ń jẹ́ Smith kò jọra ju ẹni méjì tí ẹ kàn ṣà lójú títì lọ, torí alágbẹ̀dẹ ni Smith, abúlé wo ni kò sì ní alágbẹ̀dẹ? Àyàn wà lọ́dọ̀ onílù Ọ̀yọ́, ó wà ní Ẹdẹ, ó wà ní Ìsẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ní bàbá kan ló bí gbogbo wọn.

Attenborough yàtọ̀. Nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, tí wọ́n ka onírúurú àkọtọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, 87 nínú 100 ló ní irú Y kan náà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n 13 tó kù ńkọ́? Attenborough làwọn náà ń jẹ́. Ọ̀nà tí irú èyí ń gbà ṣẹlẹ̀ pọ̀: ọmọ tí wọ́n gbà tọ́, ọmọ tí omidan bí tó sì fún ní orúkọ ilé tirẹ̀, àna tó gba orúkọ ilé ìyàwó kí ogún má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, àti ọ̀rọ̀ tí ìyá nìkan mọ̀. Bí a bá ti ní “orúkọ ìran”, a ti fi ẹnu ara wa lé àwọn wọ̀nyí jáde. Bí a bá ní “orúkọ ìdílé”, inú ilé ni wọ́n wà. Gbogbo ẹ̀sùn tí ẹ̀gbọ́n kà sí “ìdílé” lọ́rùn, pé ó gba ìyàwó, ó gba àlejò, ó gba ìwọ̀fà, iṣẹ́ tí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe gan-an nìyẹn. Ìyàwó tó wọlé lánàá á máa jẹ́ ẹ lónìí.

Àpẹẹrẹ kan wà tó tún le ju èyí lọ. Àwọn ará Leicester yìí náà ni wọ́n gbé e jáde ní 2007. Orúkọ kan wà ní ìlà-oòrùn Yorkshire tó ṣọ̀wọ́n gan-an. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, torí àwọn tó ń jẹ́ ẹ kò pọ̀, wọ́n sì wà láàyè. Wọ́n yẹ Y ọkùnrin kan tó ń jẹ́ ẹ wò, òyìnbó pọ́nbélé, ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní A1 ló jáde. Ẹ̀ka yìí, Áfíríkà ló ti wá, nígbà tí wọ́n sì fi ti ọkùnrin náà wé èyí tí wọ́n ti rí ní Áfíríkà, Ìwọ̀-Oòrùn ló tọ́ka sí. Wọ́n wá àwọn mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ náà lọ. Nínú ọkùnrin 18, 7 ló ní in. Wọ́n tú ìwé àkọsílẹ̀ títí, àwọn 7 náà já sí agbo méjì, tí baba-ńlá agbo kọ̀ọ̀kan gbé ní Yorkshire ní ìparí ọ̀rúndún 18, Y wọn sì fi hàn pé agbo méjèèjì pàdé ní ìran mélòó kan ṣáájú ìgbà náà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á fẹ́ kígbe báyìí pé ọmọ Oòduà ni wọ́n. Ẹ rọra o! Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ìwádìí wí, kò dárúkọ ẹ̀yà. Èyí tó kan iṣẹ́ wa níbí ni pé 7 wà lápá kan, 11 wà lápá kejì, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, ojú ilẹ̀ kan náà ni orúkọ náà ti tàn. Ìran apá wo ni a máa sọ pé ó ni orúkọ yìí?

Ká tó kúrò ní Yorkshire, ẹ jẹ́ ká ya ọ̀dọ̀ Crowther. Kò ṣọ̀wọ́n tó Attenborough, ṣùgbọ́n òun náà ní ibi tó ti pọ̀ jù, ìyẹn ìwọ̀-oòrùn Yorkshire, lágbègbè Huddersfield. Orúkọ iṣẹ́ ni. Crowd ni ohun èlò orin olókùn kan láyé àtijọ́, tí wọ́n ń fi ọrun fà bí àwọn tiwa ṣe ń fa gòjé. Crwth ni àwọn ará Wales ń pè é. Ẹni tó bá ń lò ó ni Crowther. Onígòjé ni à bá pè é níbí.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1825, ní Sierra Leone, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ọmọ Òṣogùn kan tó ń jẹ́ Àjàyí, ẹni tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ní 1822. Orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Samuel Crowther, ló gbà. Wọn kò bá ara wọn tan níbì kankan. Láti ọjọ́ náà, onígòjé Yorkshire di orúkọ ilé ẹni tó padà wá di bíṣọ́ọ̀bù wa ní 1864. Dandeson ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹ, àwọn ọmọ tí àwọn ọmọkùnrin bí jẹ́ ẹ. Abigail ọmọbìnrin rẹ̀ ní tirẹ̀ lọ fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ọ̀gá àkọ́kọ́ CMS Grammar School tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1859, wọ́n sì bí Herbert Macaulay, tí orúkọ tirẹ̀ náà jẹ́ orúkọ àwọn ará Scotland. Lọ́dọ̀ àwọn Macaulay erékùṣù Lewis, ọmọ Olaf ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ta ló máa sọ pé Crowther kì í ṣe orúkọ ìdílé bíṣọ́ọ̀bù? Ta ló sì máa sọ pé orúkọ ìran ẹni tó ti Òṣogùn wá ni?

Ìran tún ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, ẹ wò ó bí èmi náà ṣe lò ó lókè: ìran mélòó kan ṣáájú, ìran kẹta, ìran kẹrin. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé lórí ìtàn orúkọ yóò wá máa kọ “orúkọ ìran náà ní ìran kẹta”. Ẹ dákun.

Ní ti “orúkọ bàbá” tí ìyá wa ní Ìlọrin mú wá, Wales ló bá mu, níbi tí ap, ìyẹn “ọmọ”, ti máa ń ṣáájú orúkọ bàbá. Ap Rhys di Price, ap Hywel di Powell. Kó tó di bẹ́ẹ̀, ọmọ a jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, ọmọ-ọmọ a tún jẹ́ ti bàbá tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ìyá pamọ́ fún irú àṣà yẹn. “Orúkọ àjùmọ̀jẹ́” kò burú nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ gbogbo Smith ayé lápapọ̀.

Àbúrò wa tó wà ní Leeds béèrè ohun tí a lè pe ìgbà tí orúkọ bá tán nítorí pé obìnrin nìkan ni wọ́n bí. Ìbéèrè gidi ni, torí ọ̀nà yìí wà lára ohun tó sọ ọ̀pọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì di ọ̀wọ́n. Francis Galton àti Henry Watson, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣe ìṣirò rẹ̀ láti 1874. Ẹnì kan dá a lóhùn pé “àkúrun”. Rárá o. Àkúrun ni kí gbogbo wọn kú kí ilé dahoro. Níbi tí àwọn obìnrin ṣì wà nílé ọkọ, tí wọ́n ń bímọ, orúkọ nìkan ló lọ. “Ìparẹ́ orúkọ” ni mo dábàá. Ẹ sì kíyè sí i pé bí “orúkọ ìran” bá wọlé, ńṣe là ń sọ fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn pé ìran ìyá wọn ti parẹ́.

Ẹni tó ń tọ́jú àkójọ ọ̀rọ̀ wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi “orúkọ ìdílé” sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì fi “ìtànká orúkọ” àti “ìparẹ́ orúkọ” kún un bí kò bá sí àtakò. Bí ẹ̀gbọ́n bá ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́wọ́ tó jẹ́ pé ìran kan ṣoṣo ló ń jẹ́ ẹ, 100 nínú 100, kí wọ́n mú un wá. Etí mi ṣí sílẹ̀.

Àbúrò yín ní Abẹ́òkúta.