Op-amp wo ló lè gbé 100 V fún piezo mi?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fi op-amp (chip tó ń sọ iná kékeré di ńlá) darí piezo kan (ohun tó ń gùn díẹ̀ tí iná bá wọ inú rẹ̀) tó ń lo 0 sí 100 V ní 1 kHz. Capacitance piezo náà (bí iná tó lè gbà pamọ́ ṣe pọ̀ tó) jẹ́ 100 nF. OPA454 ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n 100 V náà ni òpin iná tí èèyàn lè fún un, ohun tó ń jáde kì í sì í dé góńgó iná yẹn. ADHV4702-1 gba 220 V, àmọ́ 20 mA péré ló ń gbé jáde, nígbà tí piezo yìí máa fa nǹkan bí 31 mA. Ó wá ku LTC6090: 140 V, 50 mA. Ooru rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Tí mo bá fún un ní +110 V àti −10 V, nǹkan bí 1.5 W ló máa di ooru nínú ike kékeré tí wọ́n fi bo chip náà! (PA85 lágbára jù wọ́n lọ, àmọ́ apá mi ò ká owó rẹ̀.)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti lò ó rí, ṣé bàbà abẹ́ bọ́ọ̀dù nìkan tó láti fa ooru náà kúrò, àbí kí n fi transistor méjì tì í lẹ́yìn kí wọ́n bá a gbé iná náà? Resistor ohm mélòó lẹ sì máa ń fi sáàárín op-amp náà àti piezo kí op-amp má baà máa gbọ̀n fúnra rẹ̀?