Ọ̀mọ̀ràn, ọ̀jọ̀gbọ́n, àbí òǹtúpalẹ̀?

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ará. Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ tó yẹ ká máa pe olùkọ́ yunifásítì tí rédíò tàbí tẹlifíṣàn bá pè pé kó wá ṣàlàyé ohun tó ń lọ. Ẹ̀gbọ́n kan ní ká pè é ní ọ̀mọ̀ràn. Ẹlòmíràn ní ọ̀jọ̀gbọ́n ti tó. Ẹnì kẹta mú olùtúpalẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Ìbàdàn gan-an: yunifásítì ti wà níbí láti 1948, tẹlifíṣàn láti 1959, àwọn méjèèjì sì ti ń wá ara wọn lọ látìgbà náà.

Mi ò fara mọ́ ọ̀mọ̀ràn. Ọ̀mọ̀ràn ní í mọ oyún ìgbín. Ohun tó fara pamọ́ sínú ìkarahun ni ọgbọ́n rẹ̀ ń rí, kò sì sẹ́ni tó ń bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Olùkọ́ yunifásítì ò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti rí iye tó dárúkọ, ọdún tí wọ́n kà á, àti ohun tó lè mú kí ìṣirò náà ṣìnà. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ò ṣe é lò, torí oyè ni, kì í ṣe iṣẹ́. Ó ń sọ ibi tí èèyàn dé ní yunifásítì, kò sọ ohun tó kọ́. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ ìtàn bá ń sọ̀rọ̀ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára, oyè yẹn á bo àlàfo náà mọ́lẹ̀, olùgbọ́ ò sì ní fura.

Ó ku olùtúpalẹ̀. Tú ni ohun tá à ń ṣe sí ẹrù tí wọ́n dì, ká lè rí ohun tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọ̀rọ̀-ìṣe náà bá iṣẹ́ mu. Olù- ni mo fẹ́ ká yọ, ká fi òǹ- sí i. Olùkọ́, olùdarí, olùdásílẹ̀: ipò ni gbogbo wọn ń fi hàn, ipò téèyàn wà pẹ́. Òǹkàwé, òǹwòran, òǹrajà: ohun tí ẹni náà ń ṣe lọ́wọ́ ni. Bí eré bá parí, òǹwòran ti kúrò ní òǹwòran. Ẹ tún wo akọ̀wé àti òǹkọ̀wé: ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, àmọ́ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ló sọ èyí di òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, tó sọ ìyẹn di ẹni tó ń ṣe ìwé. Olùkọ́ tó bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ètò àárọ̀, òǹtúpalẹ̀ ni fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn. Ó lè wu ẹnìkan láti gé e kúrú sí atúròyìn, kó lè bá akọ̀ròyìn ṣe rẹ́gí, àmọ́ etí á gbọ́ "tú àṣírí" nínú rẹ̀, ẹni tó wá ṣàlàyé á wá dà bí ẹni tó wá táṣìírí.

Kí olóòtú má sì fi orúkọ yẹn nìkan pè é. Onímọ̀ lásán ò kún: ìmọ̀ kí ni? "Onímọ̀ nípa ètò ọrọ̀ ajé", "onímọ̀ nípa omi inú ilẹ̀", kí ẹ̀ka náà jáde. Bó bá sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan, kí olóòtú sọ ọ́ kí ó tó gbé makirofóònù fún un.

Ibi tó ṣòro jù ni ọ̀rọ̀ tá à ń fi sí wọn lẹ́nu. Ní oṣù Kejìlá 2024, iye tí NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò fún Nàìjíríà, gbé jáde fún ohun tá à ń pè ní ọ̀wọ́n gógó ọjà jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Kìíní 2025, ó di 24.48. Kì í ṣe pé ọjà já wálẹ̀. Àjọ náà pààrọ̀ ọdún tí wọ́n fi ń ṣe ìfiwéra láti 2009 sí 2024, wọ́n sì tún ìwọ̀n ohun tó wà nínú agbọ̀n ọjà wọn tò, ìyẹn àwọn ohun tí wọ́n ń tọpa iye owó wọn. Bí òǹtúpalẹ̀ bá ní "ọ̀wọ́n gógó ti wálẹ̀", ẹni tó ń ná gàrí ní Bódìjà á gbà pé gàrí ti dínwó, á sì pe olùkọ́ ní òpùrọ́. Ọ̀wọ́n gógó ń sọ bí ọjà ṣe wọ́n tó. Eré tí ọjà ń sá lọ sókè ni NBS ń wọ̀n. Ohun tó jẹ́ ₦1,000, bó bá fi ìdá 24 lé sí i, ó di ₦1,240. Bí eré náà bá dín sí ìdá 15 lọ́dún kejì, ó di ₦1,426. Eré dín, owó lé. "Ìyára tí ọjà fi ń wọ́n ti dín" ló yẹ kó sọ, kí ó fi ohùn tó yẹ pe ìyára, kó má baà di ìyàrá.

Irú rẹ̀ tún ni ti omíyalé. Àwọn onímọ̀ máa ń sọ nípa ìkún omi ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tó rántí omíyalé odò Ògùnpa ní Ìbàdàn ní 1980 lè rò pé ó di 2080 kí irú rẹ̀ tó tún dé. Omíyalé ńlá mìíràn sì ṣẹlẹ̀ ní 2011. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni ìkún omi tí àyè rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, yálà ó wáyé lọ́dún tó kọjá tàbí kò wáyé. Ẹni tó bá gbé ọgbọ̀n ọdún létí odò bẹ́ẹ̀, àyè pé yóò rí i lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán tó bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún. "Ìkún omi ìdá kan lọ́dún" ni mo ṣì ń lò. Ó gùn, kò sì dùn létí. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù kó jọ̀ọ́ gbé e wá.