Báwo ni irin tó ń tẹ móòdù ṣe lè fúyẹ́ láìwọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Kábà ni ṣọ́ọ̀bù wa wà. À ń kan ẹ̀rọ tí a ó máa fi jáàkì tẹ rẹ́sìn gbígbóná (oje tó ń le bí ike) sínú móòdù, ìyẹn ohun tó ń fún ọjà ní ìrísí. Irin pẹlẹbẹ tí jáàkì ń tì láàárín ti wúwo jù, síbẹ̀ etí rẹ̀ ń wọ́ sẹ́yìn, ọjà wa sì ń nípọn létí. Mo ro ti alumíníọ̀mù, àmọ́ líle rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin ni. Bí irin náà bá nípọn ní ìlọ́po 2, yóò le ní ìlọ́po 8 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé e? Ó kù kí n jó egungun irin, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò gbà á ró, mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ (iná wẹ́dà náà kì í pẹ́ ká irin kò!). Ṣé kí egungun yìí dábùú ara wọn ni, àbí kí wọ́n tàn láti ibi tí jáàkì ti ń tì í? Ẹ má bínú pé ó gùn. Ẹ ṣé o.