Skúrù wo ni kí n fi de ìbòrí àlàfo apá bàálù onígi?

OnígiIfẹ̀:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ skúrù ni mo bá wá. Ilé-Ifẹ̀ níbí, lójú ọ̀nà Ẹdẹ, ni mo ti ń kan Pietenpol Air Camper, bàálù onígi tí Bernard Pietenpol yàwòrán ẹ̀ ní Amẹ́ríkà níparí àwọn ọdún 1920, tí àwọn èèyàn ṣì ń kàn nínú ṣẹ́ẹ̀dì wọn títí dòní. Apá tèmi pín sí mẹ́ta, àárín kan tó wà lókè ara bàálù, ọ̀tún kan, òsì kan. Níbi tí apá ẹ̀gbẹ́ ti pàdé ti àárín, àlàfo tó tó bí ínṣì kan ààbọ̀ wà níbẹ̀. Mo ti gé páànù àlùmíníọ̀mù 0.025 ínṣì, mo ti tẹ̀ ẹ́ yí etí iwájú apá, ó sì jókòó dáadáa. Kí ni kí n wá fi dè é?

Káfíńtà tó ń ràn mí lọ́wọ́ ní skúrù igi kéékèèké ti tó, ká lu ihò ká wé e wọlé ó parí. Ọkàn mi ò balẹ̀ torí ọgbà mi ni bàálù yìí á máa sùn, orí trailer la ó máa fi gbé e lọ pápá, apá á máa bọ́ á tún máa wọlé. Ẹnì kan ní kí n lo Dzus, èyí tí wọ́n kàn máa ń yí díẹ̀ báyìí tó bá ṣí. Igi tí mo fi ṣe rib, ìyẹn egungun tín-ín-rín tó ń fún apá ní ìrísí ẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ò ju 1/4 sí 1/2 ínṣì lọ, mi ò fẹ́ là á. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọwọ́ kan bàálù rí.

BàbáHangar_Iléṣà:
O káre ọmọ mi, iṣẹ́ ńlá lo dáwọ́ lé. Kó o tó mú skúrù kankan, mọ ohun tí páànù yẹn ń ṣe níbẹ̀ ná. Tí bàálù bá ń fò, atẹ́gùn abẹ́ apá le ju ti orí apá lọ, ìyàtọ̀ yẹn ló ń gbé e dúró. Tí àlàfo bá wà láìbò, atẹ́gùn abẹ́ á máa gba ibẹ̀ yọ sókè, á ba ti orí jẹ́, apá ò ní gbé ẹrù bó ṣe yẹ, ìgbà tó o bá fẹ́ balẹ̀ tí eré ti dín kù lo máa mọ̀ ọ́n jù. Agbára kan náà yẹn ló ń fa páànù kúrò lára apá. Tó bá wá ṣí níwájú, atẹ́gùn á kó sábẹ́ ẹ̀, á ká a sẹ́yìn, ó sì lè já lọ lu ìrù. Torí ẹ̀ ni mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú un bíi páànù òrùlé.

Skúrù igi, bó o bá fẹ́ máa tú u lóòrèkóòrè, kò ní pẹ́ tí kò fi ní dúró mọ́. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó o bá tú u tó o tún wé e padà ló ń jẹ igi díẹ̀. Ojú ọjọ́ wa níhìn-ín ń kún un, igi á wú nígbà òjò, á súnkì nígbà ọyẹ́, ẹ̀ńjìnnì náà ń gbọ̀n ọ́n. Omi á wá máa gba ihò yẹn wọlé, ibi tí igi ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rà nìyẹn.

Ohun tí èmi máa lò ni nọ́ọ̀tì elétí méjì tí àwa oníṣẹ́ bàálù ń pè ní nutplate, tí skúrù 8-32 ń wọ̀ (ìwọ̀n skúrù ni nọ́ńbà yẹn). Fún páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi tìrẹ, 6-32 náà á gbé e, ó sì fúyẹ́. Àmọ́ má kan nutplate mọ́ igi tààrà o, rífẹ́ẹ̀tì máa ń wú nínú ihò bí wọ́n bá ń lù ú, ó lè la rib tín-ín-rín yẹn. Wá áńgù àlùmíníọ̀mù kékeré, èyí tó tẹ̀ bíi lẹ́tà L, gé e sí wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún nutplate kan, kó lè bá ìtẹ̀ apá lọ. Ẹsẹ̀ kan áńgù á lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rib tó kángun sí àlàfo, ẹsẹ̀ kejì á yọ sínú àlàfo, ara ẹ̀ ni wàá fi rífẹ́ẹ̀tì 3/32 de nutplate mọ́ lábẹ́. Fi sandpaper ha àlùmíníọ̀mù náà dáadáa kó o tó fi epóksì lẹ̀ ẹ́, kó o wá fi ẹyọ skúrù igi kékeré kan tì í lẹ́yìn, ìyẹn á mú un dáadáa, àmọ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Tó o bá dé ibi tí spar wà, ìyẹn igi ńlá tó gba inú apá kọjá tó sì ń gbé ẹrù apá, má lu nǹkankan sí i. Fò ó.

Dzus dára, ìbòrí ẹ̀ńjìnnì ló wà fún. Páànù tó le ló ń fẹ́, ó sì wúwo ju ohun tó o nílò lọ.

Káfíńtà_Ọkẹ́sà:
Bàbá, mo kí yín o, ẹ má bínú tí mo bá dá sí i. Skúrù igi ò burú tó bẹ́ẹ̀ tẹ́ni bá mọ̀ ọ́n lò. Ọ̀pọ̀ ló ń wé e wọ igi láìkọ́kọ́ lu ihò, ó dẹ̀ máa là á. Lu ihò tó kéré ju skúrù lọ, fi àbẹ́là pa ara skúrù kó lè yọ̀, kó o sì lẹ búlọ́ọ̀kù igi mọ́ inú rib kí skúrù lè ríbi tó nípọn mú. Èmi lo brass, brass kì í dógùn-ún. Àmọ́ tí àrẹ̀rẹ̀ bá ni búlọ́ọ̀kù yẹn, gbàgbé ẹ̀, igi yẹn fúyẹ́ lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò mú skúrù rárá.

BàbáHangar_Iléṣà:
Ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù tó o sọ dáa, àbẹ́là náà dáa. Ẹni tí apá bàálù ẹ̀ ò ní bọ́ àfi ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Brass ni mi ò lè fọwọ́ sí. Òótọ́ ni pé kì í dógùn-ún, àlùmíníọ̀mù tó wà lára ẹ̀ ni yóò jẹ. Jẹ́ kí omi kan àwọn méjèèjì pọ̀, wàá rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun tó máa yọ yí ihò skúrù ká, páànù yẹn á sì máa fẹ́lẹ́ sí i níbẹ̀. Irin tí wọ́n fi cadmium bò ló bá àlùmíníọ̀mù mu jù. Stainless náà ṣeé lò tó o bá fi wọ́ṣà nylon sábẹ́ orí ẹ̀.

Mẹ̀káníkà_OAU:
Ẹ̀yin àgbà mo kí yín. Ṣé kò ní dáa kó má tiẹ̀ lu ihò kankan? Mo rí i níbì kan tí wọ́n kàn fi páànù yí apá ká bíi bẹ́líìtì, láti etí ẹ̀yìn gba orí, kọjá etí iwájú, padà sí etí ẹ̀yìn lábẹ́, wọ́n wá fi skúrù kan ṣoṣo fà á le lẹ́yìn. Fọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ wà lábẹ́ ẹ̀ kó má ha aṣọ apá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa fi bọ́.

BàbáHangar_Iléṣà:
Ó dára gan-an fún apá tí abẹ́ ẹ̀ tẹ́jú tàbí tó yọ síta. Ti Pietenpol, abẹ́ ẹ̀ wọnú. Tó o bá fa bẹ́líìtì náà le, orí apá á dúró gbọnyin torí ó yọ, ṣùgbọ́n lábẹ́ á fà jìnnà sí ara apá, àlàfo á tún ṣí. Ó ṣì máa nílò skúrù lábẹ́. Àmọ́ fọ́ọ̀mù yẹn, kó mú un, ọmọ dáadáa ni ẹ́.

OnígiIfẹ̀:
Ẹ ṣeun gan-an Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, àti ìwọ àbúrò. Nutplate lórí áńgù ni mo máa ṣe, 6-32, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lábẹ́. Ìbéèrè méjì ló kù. Báwo ni kí skúrù ṣe jìnnà síra wọn? Kí ni mo sì máa fi mọ̀ tí nutplate bá ti ń rẹ̀?

BàbáHangar_Iléṣà:
Lórí apá, ínṣì mẹ́ta sí mẹ́rin láàárín wọn. Tó o bá ti ń sún mọ́ etí iwájú, fún wọn pọ̀, ínṣì méjì, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti kọ́kọ́ ń bá páànù jà. Lábẹ́, o lè jẹ́ kí wọ́n jìnnà díẹ̀ sí i.

Nutplate, ìka ọwọ́ ẹ ni kó o fi dán an wò. Skúrù á kọ́kọ́ yí fàlàlà, tó bá wá dé ibi tí nọ́ọ̀tì ti ń mú un, ó yẹ kí ìka má lè yí i mọ́, kó o wá mú screwdriver. Ọjọ́ tó bá gba ìka wọlé títí dópin, má lò ó mọ́, pààrọ̀ ẹ̀. Tó o bá sì ti fún gbogbo wọn tán, mú fáníìṣì èékánná tí àwọn obìnrin ń kùn, fà á láti orí skúrù bọ́ sórí páànù. Tí ìlà yẹn bá já nígbà tó o bá fò dé, skúrù yẹn ti yí.

OnígiIfẹ̀:
Kí Ọlọ́run fún yín lẹ́mìí gígùn Bàbá. Ẹyọ kan tó kù, aṣọ polyester tí mo fi bo apá yí etí rib yẹn ká, ibi tí skúrù igi tó ti áńgù lẹ́yìn máa gbà wọlé. Ṣé abẹ ni kí n fi ya á?

Káfíńtà_Ọkẹ́sà:
Abẹ kẹ̀! Aṣọ á máa tú ni. Iná soldering iron ni kó o fi kan án, orí ẹ̀ tó mú, aṣọ yẹn á yọ́, etí ihò á sì di ara ẹ̀. Fi kàn án kó o tètè gbé e kúrò, igi wà lábẹ́. Kó o tó wé skúrù, kán epóksì díẹ̀ sínú ihò kí omi má ríbi gbà.

BàbáHangar_Iléṣà:
Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ibi tí áńgù bá máa jókòó, yọ aṣọ kúrò níbẹ̀ pátápátá kí epóksì lè mú igi fúnra ẹ̀, tó bá mú aṣọ nìkan á ṣí. Tó o bá ti lẹ àkọ́kọ́ mọ́ ọn, ya fọ́tò ẹ̀ wá ká rí i kó o tó lẹ ìyókù.