Ṣé "right" yìí bójú mu nínú lẹ́tà ọ́fíìsì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Mo mọ̀ pé "right" kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tún nìkan. "Right through the wall": ó wọ ògiri níhìn-ín, ó yọ lódìkejì. "Right after": kété lẹ́yìn nǹkan.

Mo wá kọ "right after the meeting" sínú lẹ́tà, ni ọ̀gá wa bá fi bírò fagi lé e, wọ́n kọ "immediately after" sí i. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni tèmi. Ṣé lóòótọ́ ni, àbí wọ́n kàn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn ni? (Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ o!) "Right behind" àti "directly behind" ńkọ́, èwo ló yẹ lẹ́tà? Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ dá sí i.