Ó ń sín láràárọ̀: ọ̀fìnkìn ni àbí hay fever?

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi àgbà ń sín ṣáá láràárọ̀. Imú ń ṣomi, ojú ń yún un, ó pọ́n kókó. Mo fún un ní atalẹ̀ àti oyin, mo fi Robb pa á láyà, kò lọ. Kò ṣe é rí nílé lọ́hùn-ún. Ìdánwò GCSE rẹ̀ sì ti dé tán. Ẹ gbà mí o.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Luton: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Ṣé ara rẹ̀ ń gbóná? Bí kò bá gbóná, tí omi imú mọ́ gaara, tí àjà ẹnu náà ń yún un, hay fever ni mo fura sí, ìyẹn kí ara máa bá eruku òdòdó (pollen) jà. Ọ̀fìnkìn kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Èyí lè gba oṣù mélòó kan. Pé kò ṣe é nílé kò ní kó má jẹ́ òun. Ọ̀pọ̀ wa ló gbé Ìlú Ọba yìí fún ọdún díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, torí ara ti gbọ́dọ̀ mọ eruku òdòdó ibí kó tó máa bá a jà.

Eruku òdòdó ti igi ló ń fò láti ìparí oṣù Kẹta dé àárín oṣù Karùn-ún. Ti koríko á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé oṣù Keje, òun ló sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù, àsìkò ìdánwò gan-an.

Ẹ lọ bá apòògùn ní kẹ́mísìtì. Oògùn cetirizine tàbí loratadine kì í sábà mú oorun kunni. Piriton ń mú un wá, ẹ má fún un tó bá ń kàwé. Bí imú bá dí, oògùn steroid tí wọ́n ń fín símú ló dáa jù. Àwọn tó ní kò ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn fín in lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n jù ú sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí agbára rẹ̀ tó pé. Kó tẹ orí ba díẹ̀, kó fi ọwọ́ ọ̀tún fín ihò òsì, kó kọ ẹnu ìgò sí ẹ̀gbẹ́ etí, kó rọra fà á. Tó bá fà á líle, ọ̀nà ọ̀fun ni gbogbo rẹ̀ ń gbà lọ.

Tó bá ti wọlé, kó wẹ̀, kó pààrọ̀ aṣọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester: Ẹ̀gbọ́n, tèmi kì í lọ, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Luton: Àbúrò, ìyẹn jọ ti kòkòrò inú eruku ilé, tó ń gbé inú fóòmù àti ìrọ̀rí. Máa fi omi 60°C fọ aṣọ ibùsùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ṣé àyà kò fún un, ṣé èémí rẹ̀ kò dún bíi súfèé? Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pe dókítà yín (GP) lónìí. Bí èémí kò bá jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni kí ẹ pè.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Rárá o, àyà rẹ̀ dáa. Mo ti ń wọ bàtà, kí kẹ́mísìtì tó tì. Ẹ ṣé gan-an ni, àǹtí.